Ta Ló Bí Ẹni Tó Bí Ọ?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Màmá ní kí n bá òun fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé aṣọ òtútù ni, ṣùgbọ́n ó wúwo ju aṣọ lọ. Nígbà tí mo ṣí i, ìwé ló kún un dẹ́nu: ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ikú, fọ́tò òkúta ojú oórì tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohun tí wọ́n kọ sí i lára rẹ́. Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo ń kà á sókè fún un. Lágbájá bí tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò fẹ́ ọmọ lámọrín. Bí mo bá ti fo orúkọ kan, yóò ní, "Rárá o, padà sẹ́yìn. Obìnrin kan wà láàárín àwọn méjèèjì yẹn."

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mo ń ṣe ní Maryland, ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ wa ló gba ibẹ̀ kọjá. Òyìnbó ni Màmá, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun gan-an, ẹnu mi kọ̀. Ẹni tó dàgbà ju ìyá mi lọ? A fa ọ̀rọ̀ náà títí, kó tó gbà pé kí n máa pe òun ní Màmá.

Ọ̀gá ológun ni baba ńlá rẹ̀ nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, kápítéènì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun George Washington. Ẹgbẹ́ kan wà fún ìran irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Society of the Cincinnati, àwọn ọkùnrin ló ni ín. Àbúrò Màmá ọkùnrin ni ó jókòó sí àyè kápítéènì náà níbẹ̀. Bí àbúrò bá lọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni yóò bọ́ sí i. Màmá ni àkọ́bí o. Màmá ló ni àpótí. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni Daughters of the Cincinnati, tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1894 fún àwọn ọmọbìnrin tó wá láti ìran àwọn ọ̀gá kan náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn jọ ti ilé wa ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn ẹgbẹ́ yìí nínú bọ́ọ̀sì, bí ẹni ń ka ìwé ìtàn ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1780, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣèlérí fún àwọn ọ̀gá ológun pé wọn yóò máa gba ààbọ̀ owó oṣù títí ọjọ́ ikú wọn. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1783, ogun ń parí lọ, owó kò sì tíì jáde. Ní Newburgh, ní ẹ̀bá odò Hudson, ìwé tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ń káàkiri ibùdó, ó ń ti àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má ṣe túká, kí wọ́n fi agbára bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta, Washington wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n dijú mọ́rí. Ó wá fa lẹ́tà kan yọ pé òun fẹ́ kà á, ojú rẹ̀ kò gbé e. Ó tọwọ́ bàpò, ó mú awò ojú jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí i kó lo awò rí. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun, òun ti hu ewú nínú iṣẹ́ yìí, ó wá dà bíi pé òun tún ń fọ́jú lọ. Omi bọ́ lójú àwọn ọkùnrin tó ti ja ogun fún ọdún méje.

Màmá fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Bí mo bá ń wá awò rẹ̀ kiri ilé, yóò ní, "Sọ fún àwọn ọmọ ogun kí wọ́n dúró ná."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 Oṣù Kárùn-ún 1783, wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nínú ilé kan ní Fishkill, kò jìnnà síbẹ̀. Henry Knox ló pilẹ̀ èrò náà, ọkùnrin tó ń ta ìwé ní Boston kí ogun tó sọ ọ́ di ọ̀gá àwọn ayìnbọn ńlá. Kí wọ́n má bàa gbàgbé ara wọn, kí wọ́n lè máa ran opó àti ọmọ òrukàn lọ́wọ́, àti, ká sọ òtítọ́, kí ẹnu wọn lè pọ̀ níwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Owó oṣù kan ni ọ̀gá kọ̀ọ̀kan yóò fi sílẹ̀ fún àpò ẹgbẹ́. Èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: wọ́n ń dá owó oṣù tí wọn kò tíì san fún wọn. Orúkọ Cincinnatus ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà, àgbẹ̀ ará Róòmù tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ kó wá gba ìlú là, tó ṣẹ́gun tán, tó sì padà sóko rẹ̀ láìbéèrè ipò. Ìlú Cincinnati ní Ohio, ara ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀ ní 1790. Washington ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́.

Gbólóhùn kan wà nínú òfin wọn tó dá wàhálà sílẹ̀: pé àkọ́bí ọkùnrin ni yóò máa jogún àyè bàbá rẹ̀, láti ìran dé ìran. Ẹ rò ó wò. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba lọ, àwọn náà ni wọ́n ń fi oyè jọ ọmọ wọn. Aedanus Burke, adájọ́ kan ní South Carolina, kọ ìwé pẹlẹbẹ jáde lọ́dún náà gan-an pé bí wọ́n ṣe ń fi ìdí ìjòyè múlẹ̀ nìyẹn. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Washington fi bẹ̀ wọ́n ní 1784 pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò. Àwọn ẹ̀ka ìpínlẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bú wọn dùn mọ́ mi jù ni Benjamin Franklin. Aṣojú Amẹ́ríkà ni ní Faransé nígbà náà. Ní Oṣù Kìíní 1784, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ nípa ẹgbẹ́ yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni o, Sarah. Ó fi ìṣirò bú wọn. Ó ní ọmọ tí ọ̀gá kan bí, ààbọ̀ rẹ̀ nìkan ni ti bàbá, ìyá ló ni ààbọ̀ yòókù. Ọmọ-ọmọ, ìdá mẹ́rin. Bí a bá kà á dé ìran kẹsàn-án, tí kò ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, ohun tó kù lára ẹni náà látọ̀dọ̀ ọ̀gá ológun yẹn jẹ́ ẹyọ kan nínú 512. Ó ní ká tiẹ̀ gbà pé gbogbo ìyàwó ìdílé ṣe olóòótọ́, ẹ ò rí Bàbá yìí bí! Ó tún ka àwọn ènìyàn tí wọ́n pawọ́ pọ̀ bí ẹni ìran kẹsàn-án náà: 1,022, ọkùnrin àti obìnrin. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbéra ga.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó mú mi gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní nílẹ̀ Ṣáínà, ọlá kì í ṣàn sílẹ̀, òkè ló ń lọ: bí ọmọ bá ṣe ohun ribiribi, àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n ń bu ọlá fún, nítorí àwọn ló tọ́ ọ. Ó ní èyí bọ́gbọ́n mu ju kí ọmọ máa jẹ oyè iṣẹ́ tí kò ṣe. Mo ní, áà, Franklin, ìwọ náà ìbá ti dé àdúgbò wa. Ta ló ń pe ìyá mi ní orúkọ rẹ̀? Ìyá Fọlákẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ọmọ ló wà lórí ìyá. Obìnrin tó bí ìbejì, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lánàá, gbogbo ọjà ni yóò máa kí i.

Franklin kan náà gbà kí wọ́n sọ òun di ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá ní 1789. Èèyàn ṣáà ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo ní ààyè, mo wọ Metro lọ sí Dupont Circle, mo fẹsẹ̀ rìn lọ wo ilé ẹgbẹ́ náà ní Massachusetts Avenue. Anderson House ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ààfin ni, ká má purọ́. Òkúta mábù, gíláàsì tó ń tàn yòò, àwòrán lára ògiri. Larz Anderson, tó ti jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Jàpáánì, ló ni ilé náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Isabel. Larz jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ Isabel ni olówó. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Boston, ogún rẹ̀ ló kan Isabel láti kékeré. Nígbà tí Larz kú ní 1937, Isabel ló rí sí i pé ilé náà di ti ẹgbẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń rò ó: owó tó gba ọ̀dọ̀ ìyá wá, ni obìnrin kan fi kọ́lé, ló wá fi ilé ta ẹgbẹ́ tí obìnrin kò lè jogún àyè nínú rẹ̀ lọ́rẹ. Mo sọ fún Màmá nígbà tí mo dé. Ó ní, "Hmm." Hmm rẹ̀ yẹn pọ̀.

Ní ìgbà tí wọ́n lé àwọn obìnrin sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀kùn tiwọn. Àwọn ọkùnrin dá ẹgbẹ́ Sons of the American Revolution sílẹ̀ ní 1889, ti gbogbo ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá ti jà tàbí ṣèrànwọ́, kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Wọ́n dìbò pé àwọn kò fẹ́ obìnrin. Obìnrin kan, Mary Lockwood, gba inú ìwé ìròyìn Washington Post lọ ní Oṣù Keje 1890, ó ní ṣé kò sí obìnrin nínú ogun náà ni? Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹwàá, Daughters of the American Revolution ti dúró. Àwọn tó pọ̀ jù ni wọ́n, gbogbo ayé mọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn wọn ni ti Màmá dé, èyí tó kéré, tó sì há ju ti wọn lọ. Ọ̀gá ológun nìkan ni wọ́n ń wò. Sójà lásán kò tó.

Mo bi Màmá léèrè kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, yàtọ̀ sí jíjẹ oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú fìlà. Ó ní wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun lówó ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Iyẹn dára lójú mi. Àpò opó àti òrukàn ti 1783 ṣì ń ṣiṣẹ́, lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò pè sí ìpàdé ọjọ́ náà.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹnu kò tó níbẹ̀. O gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé ìyá rẹ bí ọ, pé lágbájá bí ìyá rẹ, báyìí báyìí títí tí wàá fi kan ọ̀gá náà. Bí ìkan bá já láàárín, gbogbo rẹ̀ já. Bẹ́ẹ̀ iná jó ọ́fíìsì Ilé-Iṣẹ́ Ogun ní Oṣù Kọkànlá 1800, púpọ̀ nínú ìwé ogun náà sì bá a lọ. Kí ló wá gba àwọn ènìyàn là? Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin ní 1836 pé opó àwọn tó ja ogun náà lè gba owó, àwọn ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ ní kóòtù láti búra pé lóòótọ́ ni àwọn fẹ́ ọkọ àwọn. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbéyàwó, Bíbélì ìdílé ló ń lọ wò, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí ọmọ sí. Wọ́n ń ya ojú ìwé náà kúrò nínú Bíbélì, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ìjọba ní ìlú Washington. Àwọn ojú ìwé yẹn wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ títí di òní. Ẹ wo opó kan tó di Bíbélì mú, tó ń ya á. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin inú ẹgbẹ́ wọ̀nyí gùn wọlé nìyẹn: ìwé tí obìnrin tálákà kan fà ya nítorí kó lè rí owó jẹun.

Ìwé náà máa ń ṣìnà. Egungun gan-an máa ń ṣìnà. Margaret Corbin wà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ ní Fort Washington ní Oṣù Kọkànlá 1776, ọkọ kú nídìí ìbọn ńlá, ó sì bọ́ sí àyè rẹ̀, ó ń yìn ín títí tí ọta fi ba apá rẹ̀ jẹ́. Ní 1779, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fún lówó ìfẹ̀yìntì ológun, ààbọ̀ owó oṣù sójà. Ní 1926, àwọn Daughters of the American Revolution hú egungun kan tí wọ́n ní tirẹ̀ ni, wọ́n sin ín sí West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń walẹ̀ nítòsí ṣèèṣì kan sàréè náà. Wọ́n yẹ egungun wò. Egungun ọkùnrin ni! Àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń gbé òdòdó fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú mi, Màmá náà sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n tún rí ọkùnrin fi sí àyè rẹ̀."

Èmi dúdú tí mo ń ka gbogbo èyí, ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ń wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin dúdú, ẹrú àti òmìnira, ló jà fún Amẹ́ríkà nínú ogun náà. Iye tí wọ́n sábà máa ń kà ni 5,000. Ní 1778, Rhode Island ra ẹrú lọ́wọ́ olówó wọn, ó sì fún wọn lómìnira kí wọ́n lè wọṣẹ́ ológun. Ẹgbẹ́ ogun wọn lókìkí, òyìnbó sì ni ọ̀gá wọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá ní ọ̀gá nìkan lòun ń wò, kò nílò kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fẹ́ dúdú. Ẹni tó pín oyè ní 1776 ti bá a ṣe é.

Àyàfi ẹnì kan. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí orúkọ rẹ̀ fi ń yí lórí mi. Atiatoharongwen, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Colonel Louis Cook. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Abenaki ni ìyá rẹ̀, àárín àwọn Mohawk ló sì dàgbà sí, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni méjèèjì. Ó jà ní Oriskany ní 1777. Ní Oṣù Kẹfà 1779, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi ìwé oyè lé e lọ́wọ́: lẹ́fútẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì. Baba ńlá Màmá, kápítéènì, yóò sàlúùtù fún un bí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Yóò sàlúùtù dandan. Òfin ni."

Ó mọ̀ nípa ti Marian Anderson ṣáá. Kò sí ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ tí kò mọ̀. Ní 1939, àwọn Daughters of the American Revolution kò gbà kí akọrin dúdú yìí kọrin ní Constitution Hall wọn. Eleanor Roosevelt, ìyàwó ààrẹ, kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde, Marian dúró síwájú ère Lincoln, ó kọrin fún ènìyàn 75,000. Ó di 1977 kí Karen Batchelor, obìnrin dúdú láti Detroit, tó wọ ẹgbẹ́ náà, ìwé lọ́wọ́, òyìnbó kan ní Pennsylvania ni baba ńlá tó fi wọlé. Ìdá kan nínú mélòó, Franklin? Ìṣirò rẹ kò tu irun kan lára wọn: nígbà tí ilẹ̀kùn há, ẹyọ kan nínú 512 ti tó.

Lálẹ́ ọjọ́ àpótí yẹn, lẹ́yìn tí mo fún Màmá lóògùn rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ta ni tìrẹ?" Mo sọ fún un pé ìran Ìkòyí ni wá, pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, ọ̀gá ológun ni gbogbo wọn. Mo kì í bí ìyá bàbá mi ṣe ń kì mí nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀: *Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọta.* Mo ṣàlàyé fún un pé bí ọkùnrin kan bá fẹ́ jẹ Mọ́gàjí nílé wa, kì í ṣe òun ló ń ka ìran ara rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ni. Wọn kò lè jẹ ẹ́, àmọ́ bí wọn kò bá kì í, ta ni yóò mọ̀ pé òun ni?

Màmá tẹ́tí. Ó ní, "Ó dára gan-an. Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kò sí ìwé.

Ó ní kí n mú bírò. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti bàbá mi, mo kọ ti ìyá tó bí bàbá mi, ẹni tó ń kì mí. Mo fẹ́ kọ ti ìyá tó bí òun náà, ọwọ́ mi dúró. Mo mọ oríkì rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni, òwúrọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ nílé. Mo pe àbúrò bàbá mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kí i, ó dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, n kò lè dá a dúró, ẹnì kan kì í já oríkì mọ́ àgbà lẹ́nu. Káàdì mi ń lọ. Nígbà tó parí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ ìyá ìyá yín?"

Ó dákẹ́.

"Ta ló ń bèèrè?" ni ó wí. Lẹ́yìn náà: "Dúró, jẹ́ kí n pe Ìyá Àdùkẹ́. Wọ́n jọ sùn nínú yàrá kan náà."